Àlejò Owó àti Máígídá Rẹ̀

Ẹnikẹ́ni tí ó bá wọ Ṣágámù, ìlú Àkárígbò, ìlú tí àwọn ìlú kéékèèké mẹ́tàlá para pọ̀ tẹ̀dó ní ọdún 1872 kí ogun má baà máa bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó sì dúró ní Sábó, àdúgbò àwọn Hausa, kò ní í pẹ́ mọ̀ pé obì ni ó sọ àdúgbò náà di ohun tí ó dà. Obì gbànja ni mo ń wí, èyí tí igbó Rẹ́mọ ti ń so láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá, tí àwọn ìyá wa ń bó èèpo rẹ̀, tí wọ́n ń ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kúrò lára èyí tí ó yè kooro, tí wọ́n ń fi ewé tútù tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ fún bí ẹni ń tẹ́ ẹní fún ọmọ ọba, tí àwọn Hausa sì ń dì í sínú ọkọ̀ lọ sí Kano àti sí ìkọjá Kano, níbi tí ilẹ̀ kò ti lè hu igi rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹnu kò lè ṣe aláìjẹ ẹ́.

Kì í ṣe obì gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, bí kò ṣe ọ̀nà tí àlejò fi ń rí i rà. Àwọn àgbà ní àlejò a máa lójú, ṣùgbọ́n kì í fi í ríran. Oníṣòwò tí ó bá ti Òkè Ọya sọ̀ kalẹ̀ wá sí Rẹ́mọ láyé àtijọ́ kò gbọ́ èdè, kò mọ olóbì tí í to èyí tí ó dára sókè apẹ̀rẹ̀ tí í sì fi èyí tí ó ti bàjẹ́ pamọ́ sísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò ta ọjà fún un láwìn nígbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ ilé baba rẹ̀. Máígídá ni ó ń gbà á sílé. Òun ni ó ń fún un ní ibùsùn àti oúnjẹ, tí ó ń tọ́jú ẹrù rẹ̀, tí ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un, tí ó sì ń ṣe onígbọ̀wọ́ láàárín òun àti olóbì, débi pé bí gbèsè bá ṣẹlẹ̀, máígídá ni olóbì yóò lọ ká mọ́lé. Abner Cohen, òyìnbó onímọ̀ tí ó lọ bá àwọn Hausa gbé ní Sábó ti Ìbàdàn, tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1969, fi hàn pé orí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni òwò obì àti ti màlúù dúró lé pátápátá, nítorí pé àwìn ni òwò náà, ẹni tí a kò mọ̀ kò sì lè rí àwìn gbà. Làádà ni máígídá ń jẹ. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń pè é ní arẹ́nijẹ nítorí làádà yìí. Lójú tèmi, ẹni tí ó bá ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kò ní ìdí láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lónìí, ní Sábó kan náà, òwò mìíràn ti wá bá obì jókòó. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣẹ́ dọ́là àti sẹ́fà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́, àti Hausa àti ọmọ Rẹ́mọ, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú dọ́là kan tí ọwọ́ kò lè bà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní USDT, tí kò sí níbòmíràn ju inú fóònù lọ. Ìdí kò ṣàìsí. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Èrèlé ọdún 2021, Báńkì Àpapọ̀ Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà pàṣẹ pé kí báńkì kankan má ṣe bá àwọn tí ń ta kírípítò, ìyẹn irú owó tí USDT jẹ́, da nǹkan pọ̀ mọ́, kò sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àṣẹ náà títí di oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2023. Àṣẹ yìí kò pa òwò náà, ńṣe ni ó lé e kúrò lójú báńkì, tí ó sì tì í sọ́wọ́ ẹnì kan sí ẹnì kejì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí náírà bébà wọ́n bí ojú, ni a rí ohun tí ojú kò rí rí, tí ènìyàn ní owó ní báńkì tí kò rí owó jẹ ẹ̀kọ. Nígbà tí ó di oṣù Òkúdù ọdún kan náà ni ìjọba tú náírà sílẹ̀: dọ́là tí ó wà ní nǹkan bí 460 náírà ní ọjà ìjọba ti kọjá 1,500 kí oṣù Èrèlé ọdún 2024 tó parí. Ilé iṣẹ́ Chainalysis tí í máa ń tọpasẹ̀ owó wọ̀nyí ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí bílíọ̀nù 59 dọ́là ni ó wọlé sí Nàìjíríà lọ́nà yìí láàárín oṣù Agẹmọ 2023 àti Òkúdù 2024, ó sì fi wá sí ipò kejì ní gbogbo àgbáyé nínú lílo kírípítò lọ́dún 2024. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ pé ojúkòkòrò nìkan ni ó gbé àwọn ènìyàn wa dé ìdí ẹ̀rọ yìí, ó jọ pé òun kò fi náírà pamọ́ rí.

Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí, iṣẹ́ ojú ápù ni mo ń ṣe. Àwọn ẹlòmíràn ni í kọ́ ilé, èmi ni mo ń ṣe ẹnu ọ̀nà: ohun tí ẹni tí ó di fóònù mú yóò rí, ohun tí yóò kà, ibi tí yóò tẹ̀, àti ohun tí a ó sọ fún un bí ó bá tẹ ibi tí kò yẹ. Ètò owó tí kò ní báńkì, tí kò ní ọ̀gá, tí àwọn tí ń ṣe é ń pè ní DeFi, ni ó ti gba gbogbo àkókò mi. Ọdún 2015 ni Ethereum bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí ó sì wá ṣeé ṣe láti kọ àdéhùn sínú ẹ̀rọ lọ́nà tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó kọ ọ́ pàápàá kò lè dá a dúró mọ́. Ní ìparí ọdún 2018 ni Uniswap dé, níbi tí a ti lè pààrọ̀ owó kan sí èkejì láìsí ẹni tí ó jókòó nídìí tábìlì. Aave àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yáni lówó láìsí máníjà tí à ń kúnlẹ̀ fún. Ìyìn tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń yin ara wọn, tí mo ti gbọ́ tí etí mi fi kún, ni pé àwọn ti mú alárinà kúrò láàárín ènìyàn àti owó rẹ̀. Òótọ́ ni, wọ́n mú un kúrò. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ sáàárín ọ̀nà, àlejò tí ó bá sì kọ́kọ́ dé ni ó ń rù ú.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín. Ìyá kan wà tí ó ti ń ta obì ní Sábó láti ìgbà èwe rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó wà ní ìlú òyìnbó ń fi USDT ránṣẹ́ sí. Ní ọjọ́ kan ó gbé fóònù rẹ̀ tọ̀ mí wá, ojú fóònù náà ti ṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, ó ní:

“Ọmọ mi, wá bá mi wo ohun tí ẹ̀rọ yìí ń sọ. Ó ní owó mi kò tó. Ọgọ́ta dọ́là ni mo rí níbẹ̀ yìí, mẹ́wàá péré ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí oníbàárà mi. Báwo ni ọgọ́ta kò ṣe tó mẹ́wàá?”

“Màmá, owó yín tó. Owó ọkọ̀ ni kò sí.”

“Wọn kò wá lè yọ owó ọkọ̀ nínú ọgọ́ta?”

“Wọn kì í gba USDT fún owó ọkọ̀, Màmá. Owó mìíràn tí wọ́n ń pè ní TRX ni wọ́n ń gbà.”

Ìyá wò mí tìyanutìyanu. Ó ní, “Dírẹ́bà wo ni yóò sọ pé òun kò gba owó tí mo ń ná, àfi kí n lọ ra owó tirẹ̀ wá kí n tó san án fún un?”

N kò rí èsì fọ̀, nítorí kò sí. Orí ọ̀nà tí à ń pè ní Tron ni USDT rẹ̀ wà, ọ̀nà náà sì ní owó tirẹ̀ tí a fi ń san owó ìránṣẹ́. Ti Ethereum ní tirẹ̀, ti BNB ní tirẹ̀. Ẹni tí ó bá sì rò pé òun ti mọ èyí yóò tún bá òmíràn pàdé: àdírẹ́sì orí Tron máa ń fi lẹ́tà T bẹ̀rẹ̀, ó ṣeé dá mọ̀, ṣùgbọ́n ti Ethereum àti ti BNB jọ ara wọn bí ìbejì, lẹ́tà àti nọ́mbà 42 tí ó fi 0x bẹ̀rẹ̀, tí ènìyàn fi lè gba ọ̀nà kan fi owó ránṣẹ́ sí ilé ìtajà tí ń gba ti ọ̀nà kejì nìkan, tí owó náà yóò sì dàbí òkúta tí a jù sódò. Ìbéèrè tí ìyá olóbì bèèrè kì í ṣe ìbéèrè òpè. Láti oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2023 ni àwọn ará Ethereum ti fi ìlànà kan lélẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ERC-4337, tí a fi lè yọ owó ọkọ̀ láti inú owó tí ènìyàn ní lọ́wọ́, tàbí kí ẹni tí ó ni ápù san án fún un. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, owó ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ já wálẹ̀ gan-an ní àwọn ọ̀nà kéékèèké tí ó yà lára Ethereum. Irin iṣẹ́ wà nílẹ̀. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kò lò ó, nítorí pé àwọn tìkára wọn ti ra owó dírẹ́bà tipẹ́, wọ́n sì ti gbàgbé pé ó yani lẹ́nu.

Mo ní láti sọ ti ọ̀rọ̀ méjìlá. Nígbà tí ènìyàn bá kọ́kọ́ ṣí àpò owó irú èyí, ẹ̀rọ yóò gbé ọ̀rọ̀ méjìlá síwájú rẹ̀, nígbà mìíràn mẹ́rìnlélógún, tí ó ṣà láti inú àkójọ ọ̀rọ̀ 2,048, yóò sì pàṣẹ pé kí ó kọ wọ́n sílẹ̀ sí ibi tí olè kò lè dé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ni owó. Ẹni tí wọ́n bá sọnù mọ́ lọ́wọ́, kò sí ilé ẹjọ́ tí yóò gbà á. Àkójọ náà wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ní ti Faransé, ti Sípéènì, ti Ítálì, ti Potogí, ti Japan, ti Korea, ti Ṣáínà, àní ní ti àwọn ará Czech tí wọn kò pọ̀ tó ará Èkó. Kò sí ti Yorùbá níbẹ̀, kò sì sí ti Hausa. Ẹ wá wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní Sábó. Ìyá tí kò lè kọ Gẹ̀ẹ́sì yóò pe ọmọ ọmọ rẹ̀ kí ó bá òun kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé iṣẹ́ àmúrelé, ọmọ náà yóò sì fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ kí ó má baà sọnù, yóò fi í ránṣẹ́ sí ara rẹ̀ lórí WhatsApp. Bí ilẹ̀ ọjọ́ náà yóò bá fi ṣú, ọmọ náà ti di onígbọ̀wọ́ láìmọ̀, tàbí kẹ̀, olè tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Ìmọ̀ràn pé kí a pa á mọ́ dáadáa, tí ápù ń fi lẹ́tà pupa kọ, kò ju kí a sọ fún afọ́jú pé kí ó wo ọ̀nà.

Ẹni tí ó bá ṣe ojú ápù fún àwọn ènìyàn wa gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohùn tí ẹ̀rọ fi ń báni sọ̀rọ̀ jẹ́ ara iṣẹ́ náà. Mo ti rí ápù tí wọ́n fi ẹ̀rọ túmọ̀ sí Yorùbá, tí ó kọ ọ́ sójú fóònù fún ìyá kan, ẹni àádọ́rin ọdún, pé “O ti ṣe àṣìṣe”, bí ọ̀gá tí ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ wí. Ìyá náà pa fóònù rẹ̀ dé. Ohùn rere ní í yọ obì lápò, ohùn búburú ní í yọ ọfà lápó. Kò sì sí ìdí tí ẹ̀rọ kò fi lè kí àgbà gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a bí ire ti ń kí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá gbóná jù ni ti ìbuwọ́lùwé. Lórí ẹ̀rọ wọ̀nyí, títẹ bọ́tìnì ni ìbuwọ́lùwé, ohun tí à ń buwọ́ lù sì jẹ́ lẹ́tà àti nọ́mbà jàgbájàgbá tí Ifá nìkan ni ó lè kà á. Bí ènìyàn bá fẹ́ pààrọ̀ dọ́là mẹ́wàá, àdéhùn inú ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ tọrọ àyè láti mú owó nínú àpò rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ápù, bí kò bá tún un ṣe fúnra rẹ̀, àyè tí ó ń fún wọn kì í ṣe ti dọ́là mẹ́wàá, bí kò ṣe ti iyekíye, títí láé. Àwọn gbájúẹ̀ mọ èyí dunjú, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń gbà wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé aláìmọ̀kan nìkan ni ó ń há síbẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Èrèlé ọdún 2025, nǹkan bí bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là jáde lọ́wọ́ ilé ìpààrọ̀ owó Bybit lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé àwọn ọ̀gá tí ó yẹ kí wọ́n fọwọ́ sí i rí ohun kan lójú ẹ̀rọ, wọ́n sì buwọ́ lu ohun mìíràn lábẹ́ rẹ̀. Àwọn agbófinró Amẹ́ríkà ní ọwọ́ àwọn ará North Korea ni ó wà níbẹ̀. Àwọn tí ẹ̀rọ jẹ́ iṣẹ́ oòjọ́ wọn ni wọ̀nyí o.

Nítorí náà ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọn ní ibi iṣẹ́ wa pé kí ó tó di pé a fi bọ́tìnì kan síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ gbólóhùn kan tí ìyá olóbì lè kà sókè, tàbí tí fóònù lè kà sí i létí: “Ẹ fẹ́ san dọ́là 10 fún Àlàájì tí ẹ san owó fún ní ọjọ́ Jímọ̀. Owó ìránṣẹ́ jẹ́ sẹ́ǹtì 5. Dọ́là 49 àti sẹ́ǹtì 95 ni yóò kù. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kò ṣeé gbà padà mọ́.” Bí ẹ̀rọ kò bá lè kọ irú gbólóhùn yìí, ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tí ó ń ṣe, ó sì yẹ kí ó sọ bẹ́ẹ̀, kí ó sì dúró. A kì í rán ni níṣẹ́ ẹrú kí á má fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ápù tí ó bá kàn gbé lẹ́tà jàgbájàgbá síwájú wa, iṣẹ́ ẹrú ni ó fi jẹ́.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan máa ń sọ pé gbogbo rẹ̀ kò ju kí a mú un rọrùn, kí bọ́tìnì dín kù, kí àwọ̀ dùn ún wò. Mo máa ń bi wọ́n pé, ápù owó wo ni ó rọrùn jù tí ìlú yìí ti rí? Ti olè ni. Nígbà tí MMM dé, tí ó ṣèlérí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù, kí ó tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2016, kò sí ẹni tí ó ṣòro fún láti wọlé. Nígbà tí CBEX dé, tí ó ní owó yóò di méjì láàárín oṣù kan, kò sí ọ̀rọ̀ méjìlá, kò sí owó dírẹ́bà, nọ́mbà ń gòkè lójú fóònù bí omi ọ̀sà. Ní oṣù Igbe ọdún 2025 ni kò sí ẹni tí ó lè rí owó rẹ̀ gbà jáde mọ́, tí àwọn tí inú bí ní Ìbàdàn sì ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀, tí wọ́n gbé àga àti ohun tí ọwọ́ wọ́n tẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́; àńjọ̀fẹ́ kú, a kò rí ẹnì kan. Nítorí náà, ìrọ̀rùn tí kò jẹ́ kí ènìyàn ríran kò ṣe nǹkan kan fún àlejò ju kí ó tètè dé ọwọ́ ẹni tí yóò pa á jẹ. Mo fẹ́ kí ó rọrùn láti gba owó, láti wo iye rẹ̀, láti fi í ránṣẹ́ sí ẹni tí a ti mọ̀. Mo fẹ́ kí ó ṣòro díẹ̀, kí ó sì falẹ̀, láti fi owó ńlá ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí a kò rí rí. Kí ẹ̀rọ bẹ̀bẹ̀ pé kí a kọ́kọ́ fi díẹ̀ dán an wò, kí ó jẹ́ kí owó ńlá sùn mọ́jú kí ó tó lọ, kí ẹni tí ó ni ín sì lè yí ọkàn padà láàárín òru yẹn.

Ìjọba pàápàá ti tọ́ ọ̀ràn yìí wò. Ní ọjọ́ 25 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2021 ni wọ́n gbé eNaira, náírà inú fóònù, jáde, pẹ̀lú gbogbo ọlá Báńkì Àpapọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ IMF yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún 2023, wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún àpò owó náà, ó ju méjìdínlọ́gọ́rùn-ún tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn ní ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí mo rí sí i ni pé kò sí ẹnì kankan ní Sábó tí ó ní làádà kankan láti jẹ nídìí àlàyé rẹ̀. Ẹni tí ń ṣe POS lábẹ́ agboòrùn ní ẹ̀bá ọ̀nà ní tirẹ̀, nítorí náà ni ó fi ń ní sùúrù.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnì kan lè bi mí pé èéṣe tí a kò kúkú dá máígídá padà, kí ọ̀dọ́ kan tí ó mọ̀ ọ́n lò máa di owó gbogbo ọjà mú? Ìtàn Sábó fúnra rẹ̀ dá mi lóhùn. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 1999, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Ṣágámù láàárín àwọn Hausa àti àwọn ọmọ ìlú nítorí ọ̀rọ̀ Orò, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀mí ṣòfò, iná náà sì ràn dé Kano. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó gbára lé ojú àti orúkọ nìkan, òru kan péré lè sun ún, àti owó tí ó wà nínú rẹ̀. Kí a tilẹ̀ fi ti ogun sílẹ̀, ta ni kò mọ alájọ tí ó kó owó àwọn ènìyàn sá lọ ní ìparí oṣù? Ohun tí ẹ̀rọ tuntun yìí ní tí máígídá kò ní ni pé a lè ya iṣẹ́ rẹ̀ sí méjì, èyí tí kò ṣeé ṣe láyé àtijọ́: kí ẹnì kan lè ṣe ògbufọ̀, kí ó lè kìlọ̀, kí ó lè jẹ́rìí, kí ó sì jẹ làádà rẹ̀ ní gbangba, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ rẹ̀ má lè wọ inú àpò. Ẹ̀rí tí mo ní pé àwọn tí ó kọ́ ẹ̀rọ yìí kò tíì lóye ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ ni pé wọ́n ń pariwo ìkejì, wọn kò sì kọbi ara sí ìkíní rárá.

Ibì kan wà tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọbi ara sí ìkíní náà. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2021, Vitalik Buterin, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí ó dá Ethereum sílẹ̀, kọ ọ́ pé dípò ọ̀rọ̀ méjìlá, kí ẹni tí ó ni àpò yan àwọn alágbàtọ́ mélòó kan, tí wọn kò lè ná owó náà, ṣùgbọ́n tí púpọ̀ nínú wọn bá fohùn ṣọ̀kan, wọ́n lè fi kọ́kọ́rọ́ tuntun lé e lọ́wọ́ bí ti àkọ́kọ́ bá sọnù. Ó sì fi kún un pé ó sàn kí àwọn alágbàtọ́ má mọ ara wọn. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún ìyá olóbì, láìmẹ́nu kan òyìnbó náà, kò rò ó pẹ́. Ó yan ọmọ rẹ̀ tí ó wà lókè òkun, ó yan ìyá ẹgbẹ́ wọn, ó yan Àlàájì tí ń ra obì lọ́wọ́ rẹ̀ láti Kano. Mo bi í pé bàbá ilé ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín, kò dáhùn. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, “Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹ̀rọ sọ fún ẹnì kankan nínú wọn pé mo yan èkejì o. Bí wọ́n bá mọ ara wọn, wọn yóò pàdé.” Ohun tí ọ̀mọ̀wé fi ojú ìwé púpọ̀ ṣàlàyé nìyẹn, tí ẹni tí ó ti ta obì láwìn fún ogójì ọdún mọ̀ láti ilé.

Ìbéèrè rẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e ni kò tíì jẹ́ kí n sinmi. Ó ní, bí òun bá kú ńkọ́? Bí ọmọ òun kò bá rí òun mọ́, ọjọ́ mélòó ni ẹ̀rọ yóò dúró kí ó tó jẹ́ kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọmọ? Kò sí ojú ewé fún un nínú ápù wa, mo sì ní kí a ṣe é. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń kọ àdéhùn ẹ̀rọ fún wa, ọmọ gidi tí ọpọlọ rẹ̀ mú bí abẹ, ní oṣù mẹ́fà ni ó tọ́, nítorí pé ènìyàn lè rin ìrìn-àjò, fóònù rẹ̀ sì lè bàjẹ́. Ìyá olóbì ní oṣù mẹ́fà ti pọ̀ jù, pé fídáù ogójì ọjọ́ ni a ó ná owó náà fún, kí àwọn ọmọ má baà lọ yáwó jẹun ní ilé òkú. Mo ti pín in sí ogójì ọjọ́ bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fohùn sí i, oṣù mẹ́fà bí ó bá jẹ́ méjì péré. Ọmọkùnrin náà ní yóò mú kí àdéhùn náà gùn jù, a sì máa dán an wò ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.